Olórin Tó Di Àǹtí Gbogbo Ọmọ Ìlọrin

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ilé wa ṣì wà lẹ́yìn Ọjà Tuntun níhìn-ín ní Ìlọrin, àdúà kan ṣoṣo ni mo máa ń ṣe ní gbogbo òwúrọ̀: kí ẹnikẹ́ni má bi mí ní ìbéèrè. Kì í ṣe pé n kò mọ ìdáhùn o. Mo mọ̀ ọ́n, ó tilẹ̀ máa ń wà lórí ahọ́n mi, ṣùgbọ́n bí mo bá ti la ẹnu, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ á há sí mi lọ́fun bí eegun ẹja. Akólòlò ni mí, ìkólòlò tèmi kò sì kéré. Bí wọ́n bá rán mi lọ ra ọṣẹ, ẹni tó ń tà á ti dá ẹni mẹ́ta lóhùn kí n tó pe ọṣẹ náà tán. Àwọn ọmọ àdúgbò a máa sín mi jẹ, èmi náà a sì máa bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí mo ti rí i pé ẹni tó bá ń bá àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n máa ń tètè fi í sílẹ̀.

Bàbá mi ń ta abọ́ tánńganran àti ìkòkò lọ́jà, màmá mi ń ránṣọ nínú ilé. Ògiri ilé wa kan ògiri ilé Ààfáà àgbà kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ni gbogbo àwa ọmọ àdúgbò ti kọ́ bí a ṣe ń ka Kùránì, wàláà lórí itan, ẹsẹ̀ lábẹ́ ìdí. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Bàbá Ààfáà. Kì í pariwo, kì í sì í sábà na ọmọ, ṣùgbọ́n bó bá wò ọ́ lẹ́ẹ̀kan pére, gbogbo ohun tó o ti ṣe láti ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá ni wàá rántí. Ohun kan máa ń yà mí lẹ́nu ní ilé kéú yẹn. Bí gbogbo wa bá jọ ń ké e pọ̀, n kì í kólòlò rárá. Ìgbà tó bá ní kí èmi nìkan dá a kà ni ọ̀fun mi ń dì. N kò mọ ìdí rẹ̀, n kò sì lè bi ẹnikẹ́ni, torí pé ìbéèrè bíbi náà, iṣẹ́ ńlá ni fún mi.

Bàbá Ààfáà ní ọmọbìnrin kan tí wọn kì í dárúkọ rẹ̀ nínú ilé. Ó ti lọ sí Kàdúná láti kọ́ṣẹ́ olùkọ́, kí àwọn ará ilé sì tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó ti bọ́ sínú ẹgbẹ́ olórin, wọ́n ti jọ kó lọ sí Èkó. Kì í ṣe wákà tàbí dàdàkúàdà tí a mọ̀ níbí ló ń kọ. Orin pọ́ọ̀pù ni, orin gìtá àti ìlù òyìnbó, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ìgbà náà ń gbọ́ tí wọ́n fi ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ jáde, rédíò ń lù ú láàárọ̀ lọ́sàn-án. Àwòrán rẹ̀ wà lára páálí rẹ́kọ́ọ̀dù náà: irun rẹ̀ rí roboto bí agboòrùn, kò fi nǹkan kan borí, ó wọ ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ gbàgẹ̀rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín gbogbo eyín. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ torí pé màmá mi ní ọ̀kan, ó tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ àwọn ìró rẹ̀ nínú àpótí, ibi tí bàbá mi kì í dé. Gbogbo àwa ọmọdé ló mọ ègbè orin náà, “Má wo bàtà mi, wo bí mo ṣe ń rìn.” Àwa là ń kọ ọ́ lọ, àwa là ń kọ ọ́ bọ̀, ṣùgbọ́n bí a bá ti dé ẹnu ọ̀nà Bàbá Ààfáà, ẹnu wa á pa dé.

Àwọn àgbà sọ pé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ kan, ọkùnrin kan dúró síwájú mọ́ṣáláṣí, ó sọ ọ́ sókè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́ pé, “Ààfáà, a gbọ́ ohùn ọmọ yín lórí rédíò o.” Bàbá Ààfáà wọ bàtà rẹ̀, ó lọ sílé. Láti ọjọ́ náà, kò tún sọ orúkọ ọmọ náà mọ́.

Ẹ wá wò ó, ní ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, takisí kan tó ń bọ̀ láti Ọ̀fà Garage dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn. Obìnrin kan sọ̀kalẹ̀, ó gbé àpótí lọ́wọ́ kan, ó gbé gìtá nínú àpò dúdú lọ́wọ́ kejì, ó fi ìborùn bo orí bo ọrùn. N kò dá a mọ̀. Ojú tí mo mọ̀ lára páálí rẹ́kọ́ọ̀dù ń rẹ́rìn-ín, ojú ti ọjọ́ yẹn kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó kí àwa ọmọ, ohùn rẹ̀ há bí ti ẹni tó ti sunkún fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀yìn ìgbà náà la tó gbọ́ pé orin àkọmọ́jú ló ba ọ̀fun rẹ̀ jẹ́. Dókítà ní bí kò bá sinmi fún ọdún kan gbáko, kò ní lè sọ̀rọ̀ mọ́, ká má tilẹ̀ tíì sọ ti orin. Kí oṣù náà tó parí, ẹgbẹ́ ti wá olórin mìíràn.

Bàbá rẹ̀ wà lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwa ọmọ kéú sì wà níwájú rẹ̀. Obìnrin náà kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Sàlámù aléékùm, Bàbá.”

Bàbá Ààfáà gbé ojú sókè. Ó ní, “Wà aléékùm sàlámù.” Ó wá yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ìyá ọmọ náà, tó ti ń fi ìdí ìró nu ojú. Ó ní, “Ẹ sọ fún un kó wọlé. Ilé bàbá ẹni kì í kún. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ gbọ́ orin nínú ilé yìí.”

Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan rí fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ̀sìn ní dandan ni kéèyàn dáhùn sálámà, nítorí náà Bàbá Ààfáà ń dáhùn ti ọmọ rẹ̀ ní gbogbo òwúrọ̀. Kì í sì í fi ọ̀rọ̀ kan lé e. Ọmọ náà á kí i, òun á dáhùn, ọmọ náà á ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, bóyá nǹkan mìíràn á tẹ̀lé e. Nígbà tí kò bá sí nǹkan, á dìde, á gbálẹ̀. Ọmọdé ni mí nígbà náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí kò lè jáde lẹ́nu kò ṣàjèjì sí mi. Mo máa ń wo Bàbá Ààfáà, mo máa ń rò ó pé ó jọ pé òun náà ń kólòlò.

Ọjọ́ tí èmi àti ọmọ Bàbá Ààfáà yìí, tí àwa ọmọ ń pè ní Àǹtí, di ọ̀rẹ́, iléèwé ni wọ́n ti pa mí lẹ́kún. Olùkọ́ ní kí n dìde kàwé, mo há sórí ìlà kìn-ín-ní, kíláàsì sì hó yè. Mo sá wálé, mo fara pamọ́ sábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà lẹ́yìn ilé wa. Àǹtí ń sá aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó béèrè pé kí ló dé. Mo la ẹnu, ó di “W-w-w…” Ẹ gbọ́ o, gbogbo èèyàn tí mo mọ̀ láyé ló máa ń bá mi parí ọ̀rọ̀ mi. Wọ́n rò pé àánú ni. Àǹtí kò bá mi parí rẹ̀. Ó dojú garawa dé, ó jókòó lé e, ó ń wò mí bí ẹni tí kò ní ibòmíràn tó ń lọ ní gbogbo ọjọ́ yẹn. Mo sọ ọ́, ó pẹ́, mo sọ ọ́ tán.

Ó ní, “Ṣé ìwọ mọ̀ pé o kì í kólòlò tó o bá ń kọ orin mi? Mo máa ń gbọ́ yín láti ẹ̀yìn ògiri.”

N kò mọ̀ pé ó ń gbọ́. Ojú tì mí.

Ó ní, “Ọ̀rọ̀ tìẹ fẹ́ rìn ni, ìwọ sì ń fẹ́ kó sáré. Fún un ní ẹsẹ̀.” Ó mú ìka mi, ó fi lu orúnkún mi jẹ́jẹ́. Ó ní kí n pe igbá, kí n pe igba, kí n pe ìgbá. Mo pè é bí ìka ti ń lù. Ó ní, “Ṣé o rí i pé orin ni? Èdè tí wọ́n bí ọ sínú rẹ̀ ti ń kọrin kó o tó dé. Ṣáà gbè é.”

Ọjọ́ kejì mo padà lọ. Ọjọ́ kẹta, àbúrò mi tẹ̀lé mi. Kí oṣù tó parí, àwa bí ogún là ń pé jọ sábẹ́ dóńgóyárò náà lẹ́yìn iléèwé. Ẹ̀gbẹ́ tiwa ni igi náà wà, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ti bàbá rẹ̀, nítorí náà a kò rú òfin. Àǹtí ń pa àlọ́, àwa ń gbè é. Ọ̀fun rẹ̀ kò tíì gbé orin, ó kàn ń sọ ọ̀rọ̀ orin náà wúyẹ́wúyẹ́ ni, àwa la máa ń gbé e sókè fún un. Ọmọ tó bá ń tijú, á fi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọmọ tó bá ń pariwo jù, á fún un ní iṣẹ́ pé kó máa ka iye ìgbà tí ìjàpá purọ́ nínú àlọ́ náà.

Màmá mi ní oníbàárà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn. Ó wá gba aṣọ rẹ̀ ní Sátidé kan, ó gbọ́ ariwo wa, ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ó dúró síbẹ̀ títí àlọ́ méjì fi parí, aṣọ lọ́rùn ọwọ́. Ìgbà tí a tú ká, ó sún mọ́ Àǹtí, ó ní, “Ṣé kì í ṣe ìwọ lo kọ orin bàtà yẹn?”

Àǹtí ní, “Èmi ni. Ohùn yẹn ti lọ.”

Obìnrin náà ní, “Ohùn yẹn kọ́ la ń wá. A fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ètò àwọn ọmọdé ní ọ̀sán Sátidé. Gbogbo ẹni tó ti wá gbìyànjú rẹ̀ ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ bí ọlọ́pàá. Ẹni tí ọmọdé á dákẹ́ fún láìnà wọ́n là ń wá.”

Àǹtí wolẹ̀. Ó ní òun á bi bàbá òun.

Màmá mi ní, “Bàbá tí kì í bá ọ sọ̀rọ̀?”

Ó ní, “Kì í bá mi sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń gbọ́ mi.”

Lẹ́yìn ìrun àlàásárì ló lọ bá a. A ṣì wà ní kéú, Bàbá Ààfáà kò sì ní ká dìde, bóyá ó fẹ́ ká wà láàárín. Àǹtí kúnlẹ̀, ó ro gbogbo ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bàbá ń fa tẹ̀sùbáà rẹ̀. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀, ó ní, “Ẹ bi í, kí ló fẹ́ máa sọ fún àwọn ọmọ náà?” Ìyá yíjú sí ọmọ tó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó bi í, bí ẹni pé odò kan wà láàárín ẹni méjì yẹn tí òun nìkan sì ni ọkọ̀. Àǹtí ní, “Àlọ́, Bàbá. Ìwé kíkà. Bí wọ́n ṣe ń fọwọ́, bí wọ́n ṣe ń kí àgbà. Orin ọmọdé.” Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yẹn, ó sọ ọ́ wúyẹ́. Bàbá ní, “Ẹ bi í, orí rẹ̀ ńkọ́?” Ó ní òun á borí. Tẹ̀sùbáà yí po lẹ́ẹ̀kan. Bàbá ní, “Ẹ sọ fún un pé n kò rán an, n kò sì dí i lọ́nà. Ohun tó bá lọ ṣe níbẹ̀, Ọlọ́run ń wò ó, ìlú náà á sì máa wò ó.”

Àwọn ọmọ abẹ́ dóńgóyárò ni Àǹtí fẹ́ kó lọ síbi ètò àkọ́kọ́, ó sì ní èmi ni màá pa àlọ́ àpamọ̀. Ilé wa gbóná lọ́jọ́ yẹn. Bàbá mi ní ọmọ òun kọ́ ni wọ́n á gbé síwájú gbogbo ìlú kí wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Àǹtí kúnlẹ̀ kí i dáadáa, ó wá ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Níbí gan-an ni wọ́n ti ń fi í rẹ́rìn-ín, ẹ kò sì tíì lé ẹnì kan.” Màmá mi fi eyín já òwú, ó ní aṣọ tí n máa wọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí.

Ẹ̀yin ọmọ òní, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun kan. Ètò náà kì í ṣe èyí tí wọ́n á kọ́kọ́ gbà sílẹ̀ kí wọ́n tó tún un ṣe. Bí o bá ṣe ń ṣe é ni wọ́n ń rí i nílé. Ìgbà tí a dé sítúdíò, ẹ̀rọ amúlétutù mú kí eyín mi máa gbá ara wọn, iná tí wọ́n tàn sí wa sì ń jó mi lójú. Kámẹ́rà ga bí màlúù. Ọkùnrin kan tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń fi ìka ka ẹ̀ta, èjì, ọ̀kan. Ojú Àǹtí wá yí padà. Ẹ̀rín ara páálí rẹ́kọ́ọ̀dù yẹn, mo rí i fún ìgbà àkọ́kọ́ lójú ara mi.

Kò pẹ́ tó fi kàn mí. Mo ní, “Ààlọ́ o!” Wọ́n ní, “Ààlọ̀!” Mo ní, “Ilé k… ilé k-k-k…” Ó há. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó há bí kò ṣe há rí. Mo mọ̀ pé gbogbo Ọjà Tuntun ń wò mí, pé bàbá mi ń wò mí. Ọkùnrin ẹ̀yìn kámẹ́rà ń fi ọwọ́ yípo lójú òfuurufú, pé kí wọ́n kọjá lọ. Àǹtí wò ó, ó mi orí pé rárá. Ó kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, aṣọ tuntun lórí ilẹ̀, ó kọjú sí kámẹ́rà pẹ̀lú ẹ̀rín, ó ní, “Ẹ̀yin ará ilé, a kì í kánjú níbí. Ọ̀rọ̀ kan ń bọ̀ lọ́nà, ẹ jẹ́ ká dúró dè é.”

Ó wá dákẹ́. Lórí tẹlifíṣàn, níbi tí ẹnikẹ́ni kì í dákẹ́, ó dákẹ́. Ìka rẹ̀ nìkan ló ń lu orúnkún rẹ̀. Tèmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Mo ní, “Ilé ké-ke-ré kan. Kò ní ilẹ̀kùn, kò ní fèrèsé. Ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ ló ń fọ́ ọ jáde.” Àbúrò mi pariwo láti ẹ̀yìn pé, “Ẹyin ni!” Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, èmi náà rín in. Kò sí ẹni tó ń fi mí rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn.

Màmá mi ló sọ fún mi pé nígbà tí ọ̀rọ̀ há sí mi lẹ́nu, bàbá mi dìde, ó kọjú sógiri. Ìgbà tó gbọ́ pé mo parí rẹ̀, ó jáde síta, ó ń sọ fún ẹni tó ń kọjá àti ẹni tí kò kọjá pé, “Ọmọ mi nìyẹn o.”

Ọ̀rọ̀ Àǹtí yẹn di àṣà nínú ìlú. Onítakisí ní Post Office tí ẹnì kan ń fọn fèrè sí lẹ́yìn á yọrí jáde, á ní, “A kì í kánjú níbí!” Àwọn obìnrin nídìí ẹ̀rọ omi ń wí i fún ara wọn. Gbogbo ọmọ Ìlọrin ló wá ń pè é ní Àǹtí. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò tíì wò ó rí, ẹni náà sì ń gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Bàbá Ààfáà kò ní tẹlifíṣàn, kì í sì í wọ ilé ẹni tó ní in.

Kéú ọ̀sán Sátidé ló dá ọ̀ràn sílẹ̀. Àkókò kan náà ni pẹ̀lú ètò Àǹtí, ọmọ kéú sì ń dín kù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní Sátidé kan, tí kì í ṣe ìgbà tèmi láti lọ sí sítúdíò, àwa bí ọgbọ̀n kún pálọ̀ wa bí iṣu nínú àpò. Mo gbọ́ tí ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Bàbá Ààfáà ni, ọ̀pá lọ́wọ́. Gbogbo wa di òkúta. Kò sí ẹni tó lè dìde torí pé òun ló dí ẹnu ọ̀nà, kò sì sí ẹni tó gbójúgbóyà pa tẹlifíṣàn.

Lójú tẹlifíṣàn, ọmọkùnrin kékeré kan dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ Àǹtí. Hausa ni wọ́n ń sọ nílé wọn, Yorùbá rẹ̀ kò já gaara. Ó fẹ́ pa àlọ́, ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣìnà, omi ti ń kóra jọ sí i lójú. Àǹtí ní, “Ta ló máa ń pa àlọ́ yìí fún ọ?” Ó ní ìyá òun àgbà ni. Àǹtí ní, “Pa á bí ìyá àgbà ṣe ń pa á. Àwa á bá ọ wá a.” Ọmọ náà fi ọwọ́ nu imú, ó gbé ojú sókè, ó ní, “Ga ta nan, ga ta nan ku!” Bí àwọn Hausa ṣe ń bẹ̀rẹ̀ àlọ́ nìyẹn, bí àwa ṣe ń wí pé ààlọ́ o. Kò sí ẹni tó mọ èsì rẹ̀ nínú pálọ̀ wa.

Ohùn kan dáhùn láti ẹnu ọ̀nà, jẹ́jẹ́, bí ohùn ọmọdé, “Ta zo mu ji ta.”

Gbogbo wa yíjú padà. Bàbá Ààfáà kò wò wá. Ojú rẹ̀ wà lára tẹlifíṣàn. Àwọn àgbà àdúgbò mọ̀, ṣùgbọ́n àwa ọmọdé kò mọ̀ pé ìyá tó bí i, láti ilẹ̀ Hausa ló ti wá, pé àlọ́ tiẹ̀ ló fi tọ́ ọ, àti pé ìyá náà kú kí irùngbọ̀n tó yọ lágbọ̀n Ààfáà. Bàbá mi gbé àga fún un. Ó ní òun kò jókòó. Nígbà tó pẹ́, ó jókòó. Ó wò ó títí wọ́n fi kí wa pé ó dìgbà. Ó gbọ́ tí ọmọ rẹ̀ kọ orin ọmọdé pẹ̀lú ohùn tó ti ń padà bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó dìde, ó bi bàbá mi pé, “Ṣé bó ṣe máa ń ṣe nìyí?” Bàbá mi ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó tún yíjú sí wa. “Láti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀,” ó ní, “ẹ̀yìn àlàásárì ni kéú Sátidé.”

Mo wà lọ́dẹ̀dẹ̀ wọn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo wá dá wàláà padà. Àǹtí wọlé, ó kúnlẹ̀, ó kí bàbá rẹ̀ bí ìṣe rẹ̀. Bàbá dáhùn bí ìṣe rẹ̀. Àǹtí dúró lórí ìkúnlẹ̀ díẹ̀, ó ti fẹ́ dìde.

Bàbá Ààfáà ní, “Ọmọ yẹn. Èyí tó pa àlọ́ ní Hausa. Ọmọ ta ni?”

Kò wo ìyàwó rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ ló wò. Àǹtí fẹ́ dáhùn, ọ̀rọ̀ há sí i lẹ́nu. Bàbá rẹ̀ kò kán an lójú, ó dúró dè é. Ìyá tó ń ṣa ẹ̀wà ní kọ̀rọ̀ rọra gbé àtẹ rẹ̀, ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Èmi náà fi wàláà sílẹ̀, mo jáde. Títí wọ́n fi pe ìrun mọ̀ǹgàríbà ni a ń gbọ́ ohùn àwọn méjèèjì.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni Àǹtí fi ṣe ètò náà. Ó lọ́kọ, ó bímọ, ó ń ṣe é lọ. Nígbà tí mo ti ń múra àtilọ sí yunifásítì, mo bi í bóyá ó máa ń ṣàárò orin ìgbà Èkó. Kò purọ́ fún mi. Ó ní, “Mo ń ṣàárò rẹ̀. Inú mi dùn nígbà yẹn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé inú mi kò dùn. Ṣùgbọ́n iná orí ìtàgé máa ń pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí n kì í rí ojú àwọn tí mò ń kọrin fún. Níbí mò ń rí ojú wọn.” Ní ti èmi, mo kọ́ nípa oògùn, mo ṣí ilé ìtajà oògùn. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí tí mo ti ń ṣàlàyé fún ìyá ọlọ́mọ bí wọ́n ṣe ń lo oògùn ibà, ọ̀rọ̀ ẹnu ni mo fi ń jẹun. Ìkólòlò náà kò lọ tán. Ó ṣì máa ń yọjú bí inú bá bí mi. Mo ti gbà pé ará ilé ni.

Ayé ti yí, ẹ̀yin ọmọ mi, n kò sì ní sọ fún yín pé tàtijọ́ ló dára jù. Nígbà tiwa, ọmọ tó ń kólòlò, wọ́n á fún un lómi inú agogo mu, wọ́n á gbá a lẹ́nu, wọ́n á fi àbùkù rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Iléèwé tí ọmọ-ọmọ mi ń lọ lónìí ní olùkọ́ tó mọ bí wọ́n ṣe ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ọmọbìnrin tó bá ní ẹ̀bùn ohùn nílé ààfáà, bàbá rẹ̀ lè bínú, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kó bá a jókòó sọ ọ́. Tẹlifíṣàn kan fún ilé mẹ́wàá la ní, wákàtí kan lọ́sẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sùn lọ kó tó bẹ̀rẹ̀, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ̀yin ní ètò ọgọ́rùn-ún nínú fóònù, ẹ lè dá a dúró, ẹ lè dá a padà.

Kò sí ìkankan nínú àwọn ètò Àǹtí tó ṣẹ́ kù. Wọn kò gbà wọ́n sílẹ̀. Mo ti wá a títí, kò sí bí ìṣẹ́jú kan. Àwa ọmọ tó wà níbẹ̀ ló ṣẹ́ kù. Àbúrò mi tó pariwo ẹyin ti di ìyá àgbà. Ọmọkùnrin tó pa àlọ́ ní Hausa ń kọ́ àwọn ọmọ ní yunifásítì. Nígbà iléyá tó kọjá, a lọ kí Àǹtí nílé bàbá rẹ̀ tó ti tún ṣe, àwa mẹ́sàn-án, arúgbó àti ẹni tó kù díẹ̀ kó di arúgbó. Ohùn rẹ̀ ti rẹ̀, ojú rẹ̀ kò ríran tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n bí ẹnì kọ̀ọ̀kan ti ń sọ̀rọ̀ ló ń dárúkọ wa lẹ́sẹẹsẹ, kò ṣi ọ̀kan. Àwọn ọmọ-ọmọ wa gbé fóònù sókè, wọ́n ń gbà á sílẹ̀. Inú mi dùn pé wọ́n gbà á sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí wọ́n wá jókòó, wọ́n sì jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ àlọ́, ẹnì kọ̀ọ̀kan ń gbé fóònù rẹ̀ sórí ẹní, ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, nítorí ọwọ́ ni wọ́n nílò láti pàtẹ́wọ́.

Nígbà tí ìlú wa kò tíì ní ohun tí wọ́n fi ń tọ́jú ohùn, inú èèyàn ni wọ́n máa ń tọ́jú rẹ̀ sí. Ẹ̀yin ní ẹ̀rọ, ẹ sì ní èèyàn. Ẹ má fi ọ̀kankan ṣòfò.